Orin Tí Ìyá Ọlọ́wọ̀ Gbọ́

Ẹni méjì ni orúkọ wọn jọra nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn. Àlùfáà ni Ẹni-Ọ̀wọ̀, nítorí oyè rẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ni Ìyá Ọlọ́wọ̀, nítorí ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn aláwàdà inú ẹgbẹ́ akọrin a máa ní bí Ẹni-Ọ̀wọ̀ bá rìnrìn àjò, ẹlòmíì á wàásù, ṣùgbọ́n bí Ìyá Ọlọ́wọ̀ bá lọ, eruku ni yóò gun orí àga ìwàásù. Òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín, torí kì í ṣe ẹni tó ń di nǹkan sínú.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé ẹnì kan ló yàn án síṣẹ́ náà. Orin ló gbé e débẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ kò ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ó yé yín. Kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rìn kiri ṣáá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin ọjọ́ Ìsinmi. Ó jókòó sórí àga ìkẹyìn, kò lágbára àtidìde mọ́, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò wúlò fún nǹkan kan mọ́ láyé. Ìgbà yẹn gan-an ló gbọ́ tí wọ́n ń kọrin pé, "Olúwa, sọ mí di ọwọ̀ Rẹ."

Ọwọ̀, èyí tí a fi ń gbálẹ̀. Ó yà á lẹ́nu. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń fi ọwọ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń fi orin bẹ Ọlọ́run pé kó sọ àwọn di í. Ó ní, "Olúwa, ìyẹn nìkan ni mo lè dà." Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀ tó rí níbẹ̀, ó gbá ilẹ̀ náà látorí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó délé, ó ní òun fẹ́ jẹun. Ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Wẹ́dà nítorí iṣẹ́ irin jíjó rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ da oúnjẹ nù níbi tó ti ń sáré bù ú.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni tirẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ha ìda àbẹ́là kúrò lórí sìmẹ́ńtì. Ó mọ abẹ́ àga tí àwọn ọmọdé ń ju bébà súìtì sí. Ó mọ ibi tí ẹnì kan ti sunkún, nítorí bébà ìnujú tó máa ń bá níbẹ̀, a sì dúró gbàdúrà díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀.

Irun rẹ̀ ti funfun kí ìyàwó àlùfáà, tó jẹ́ tíṣà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà. Nígbà tí Ìyá Ọlọ́wọ̀ lè so lẹ́tà pọ̀, orin yẹn ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n ṣí fún òun. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ títí tó fi dé ibi tó fẹ́ràn, ó sì kà á jáde. Tíṣà rọra dá a dúró.

"Ìyá, àmì orí rẹ̀ ń lọ sókè. Ọwọ́ ni, kì í ṣe ọwọ̀."

Ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà jíjìn ni ohùn orin náà ti wá, kò mọ bí ẹnu wa ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ kó ti gòkè ló ti ń já wálẹ̀. Àwọn tó ń wo ìwé mọ̀ pé ọwọ́ ni àwọn ń kọ. Òun tí kò rí ìwé ló gbọ́ ìgbálẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ìyá Ọlọ́wọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí eyín ló mọ.

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Bàbá Wẹ́dà ní wọ́n gbé e ga nìyẹn, ṣebí ọwọ́ ju ọwọ̀ lọ. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òun kò tíì rí ẹni tó fi ìgbálẹ̀ sọ̀yà rí. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Wẹ́dà, bí kì í bá ṣe ohun tí Ọlọ́run sọ nìyẹn, ta ló wá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Òun náà ló sin ọmọ yẹn.

Ní Sátidé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti dá kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, kò lọ gbálẹ̀. Ó fẹ́ gbé e sórí tábìlì àlùfáà kó sì máa lọ sílé. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ọ̀sẹ̀ kan sì tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ. Bó ṣe ń kọjá, ojú rẹ̀ bọ́ sára ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó ṣe fi í sílẹ̀ ló ṣe wà, kò gbá nǹkan kan.

Ọwọ̀ kì í dá dìde, àfi bí ọwọ́ bá mú un. Ó rántí àga ìkẹyìn yẹn, ó rántí pé òun kò lágbára àtidìde. Kò mọ bí òun ṣe dìde lọ́jọ́ náà rárá, kò sì bi ara rẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí kì í léni sá. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Gbogbo ọdún tó fi rò pé òun ló di ìgbálẹ̀ mú, ẹnì kan ló ti di òun mú. Ìwé kò purọ́, òun náà kò gbọ́ àṣìgbọ́.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbálẹ̀ náà látorí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kọ orin náà, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ níbi tó ti máa ń já.

Nígbà tó délé, Bàbá Wẹ́dà rí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó bi í pé ṣebí ó ní òun fẹ́ dá a padà ni.

Ó ní, "Ọwọ́ tó mú mi kò tíì jù mí sílẹ̀."