Ta Ló Kù O?

Títí di òní olónìí, bí òórùn pápá tó ń jó bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ mi ni mo máa ń gbé sílẹ̀. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn, èéfín gbígbẹ tó dùn díẹ̀ bí èèpo iṣu tó ta mọ́ ààrò, tí ọyẹ́ ń gbé kiri láti oṣù Ọ̀pẹ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó ń rán àwọn létí oko bàbá àwọn. Èmi kọ́. Ìbàràpá ló ń rán mi létí, ọ̀nà erùpẹ̀ kan tó wà láàárín Lánlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà, àti ohùn kan tó pè wá níbẹ̀ tí a ò dáhùn.

Ọkọ mi ló gbé ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà wá. Olùkọ́ ni àwa méjèèjì, Ìbàdàn la ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ sì ti gba ọlidé Kérésì. Ó ti ra àgọ́ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti òkè òkun dé, irú èyí tí wọ́n ń ká bí agbòòrùn, ó sì ti búra pé a ò ní sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kankan. A máa gba Èrúwà, a máa gba Igbó-Ọrà, a máa wo àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyẹn pẹ̀lú òkè tí àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun, a máa kọjá sí Abẹ́òkúta, títí a ó fi dé Àgbádárìgì, tí a ó pàgọ́ sí etí òkun. "Mi ò tíì bá ọ dúró létí òkun rí," ló wí, àfi bíi pé òkun ló ń so ìgbéyàwó ró. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ta ló fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sùn nínú àgọ́, nígbà tí kì í ṣe ogun ló lé e? Ṣùgbọ́n mo gbà fún un, nítorí pé inú àwa méjèèjì ń dùn nígbà yẹn, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì ń dùn, kò sí ibi tí wọn ò lè mú un lọ.

Oyún ni. A ti wá ọmọ débi pé bí mo bá kúnlẹ̀ kí àwọn àǹtí ọkọ mi, ikùn mi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo ojú mi. Nígbà tó wá dé, ọkọ mi àti ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. A kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Ìtọ̀ nìkan ni wọ́n tíì yẹ̀ wò, a sì ní bí a bá ti dé la ó lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún. Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn àgbà, ó sì kìlọ̀ fún mi: "Má rìn lóòrùn ọ̀sán gangan. Bí ohùn kan bá sì pè ọ́ níbi tí o kò ti rí ojú ẹni tó ni ín, má dáhùn o. Aboyún kì í dáhùn." Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin náà!" Ṣùgbọ́n mi ò yọ abẹ́rẹ́ náà.

A dúró ní Èrúwà ra búrẹ́dì àti omi. Obìnrin tó ń tà á jẹ́ aláwàdà. Bó ṣe gbọ́ pé Igbó-Ọrà là ń lọ báyìí, ó pariwo pé, "Ẹ rọra jẹ ìlasa ibẹ̀ o! Bí ẹ bá jẹ ẹ́ jù, ìbejì lẹ ó gbé bọ̀!" Ọkọ mi fún mi lọ́wọ́ pọ̀ lábẹ́lẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín bí olè méjì. Ìgbà tó rí àgọ́ lẹ́yìn mọ́tò ló bèèrè ohun tó jẹ́. A sọ fún un. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Nínú pápá? Lásìkò yìí?" Ó gbójú sókè wo ọ̀run tí ọyẹ́ ti sọ di funfun. "Ẹ wá ilé sùn o, ẹ̀yin ọmọ mi." Oníbàárà mìíràn pè é, kò sì rí àyè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a wọ mọ́tò, ọkọ mi ní ajínigbé lobìnrin náà ń bẹ̀rù. Gbogbo wa la ń bẹ̀rù wọn. Èmi gan-an ti ń gbọ́ ìròyìn wọn lórí rédíò débi pé mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́tò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ àpáta kan nítòsí abúlé kan, ọ̀rẹ́ òun kan ti mú òun débẹ̀ rí, ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ sì dára.

A kọjá Lánlátẹ̀, a yà sí ọ̀nà erùpẹ̀. A ò tíì lọ jìnnà tí a fi rí ewé. Ẹ̀ka igi tútù ni, wọ́n gé e, wọ́n sì tò ó sójú ọ̀nà, ewé rẹ̀ kò tíì rọ. Ọkọ mi dẹ ẹsẹ̀. "Mọ́tò kan ti kú síwájú," ló wí. Ìwọ náà ìbá wí bẹ́ẹ̀, má tàn mí. Ta ló ń gba ọ̀nà ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, dírẹ́bà á já ewé sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa rọ́ lù ú? Ó yí ẹ̀gbẹ́ ewé náà kọjá jẹ́jẹ́, àwa méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo iwájú fún mọ́tò tó kú. A yí kọ́nà kan, a ò rí mọ́tò. A yí òmíràn, ewé ni a tún rí. "Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti lọ," ọkọ mi wí. Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò kó ewé wọn dání?" Ó yí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn náà kọjá. A kọjá ahéré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kò sí ewúrẹ́, kò sí adìyẹ, wọ́n ti kó aṣọ kúrò lórí okùn. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tí àwa kò mọ̀.

Àpáta náà rẹwà lóòótọ́, ó tẹ́jú bí ẹ̀yìn erin. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ la pàgọ́ sí, láàárín koríko gbígbẹ tó ga jù mí lọ. Ọkọ mi bá àgọ́ jà títí. Bó bá gbé apá kan dúró, apá kejì á wó lé e lórí, èmi náà sì jókòó sórí kúlà, mò ń pè é ní balógun. Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, oòrùn ti pọ́n. Mo rántí pé àṣá pọ̀ lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà, wọ́n ń yí po lápá ibì kan, mo sì rò pé ìyẹn náà wà lára ẹwà ibẹ̀.

Ìgbà náà ni ohùn kan dìde láti ọ̀nà jíjìn, ohùn ọkùnrin, ó fà á gùn: "Ta ló kù ooo?"

Gbogbo irun ara mi dìde. Kí a tó sọ̀rọ̀, ohùn mìíràn gba ìhà kejì pápá dìde, "Ta ló kù o?" Ta ló kù kẹ̀? Ta ló lọ, tí wọ́n fi ń bèèrè ẹni tó kù? Ojú ọkọ mi ti funfun. Ó fi ìka sí ẹnu. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: àwọn ajínigbé ti yí wa ká, wọ́n ń ka iye wa. Èmi ní tèmi, ohùn ìyá mi ni mo ń gbọ́, ọwọ́ mi kan sì ti wà lórí abẹ́rẹ́ etí aṣọ mi. Ẹ̀rù tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀rù tèmi yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni wọ́n bí. A lóṣòó sẹ́yìn àgọ́, a di ara wa mú. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn náà wá dúró, mo lè búra, ó dúró pẹ́ ju bí ènìyàn ti ń dúró de èsì lọ. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa lọ́lọ́. "Wọ́n ti lọ," ọkọ mi sọ sí mi létí. Inú mi dùn! Bí mo bá rántí bí inú mi ti dùn nígbà yẹn, àyà mi máa ń já.

Ọ̀yà kan ló kọ́kọ́ yọ. Ó sáré gba iwájú wa kọjá láì wò wá, bíi pé òkúta ni wá. Ehoro tẹ̀ lé e. Nǹkan dúdú fẹ́lẹ́ kan bọ́ láti òkè, ó bà lé apá mi, òmíràn bà lé orí àgọ́. Màjàlà ni. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà pé bí pápá bá ń jó, màjàlà á ṣòfófó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bà lé mi lára rí. Ariwo kan ń bọ̀ bí òjò lórí páànù. "Òjò ni?" ọkọ mi bèèrè. Òjò, nínú ọyẹ́! Nígbà tí a máa fi yíjú, iná ti ràn ní ìhà mẹ́ta, ó ga ju igi lọ, ó ń bọ̀ tòun ti atẹ́gùn. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi, mo pariwo, "Ọmọ mi o!" Mi ò pariwo ara mi, mi ò pariwo ọkọ mi.

Iná ti dí ọ̀nà mọ́tò wa, àpáta ló kù fún wa. A gùn ún pẹ̀lú ọwọ́ àti orúnkún. Mo yọ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú gbì, ọkọ mi fà mí dìde. A dojú bolẹ̀ lórí òkúta, ó da ara rẹ̀ bò mí, ìgbóná wá sórí wa bíi pé wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò ńlá. Mo gbọ́ nígbà tí àgọ́ náà gbiná, ó ṣe fùú, ó tán. Èéfín há mi lọ́nà ọ̀fun. Mo ń bá ẹni tó wà nínú mi sọ̀rọ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dì mí mú dáadáa. Iná kì í pẹ́ lórí koríko gbígbẹ. Ó kọjá.

Àwọn ọdẹ ló gba inú eérú wá, pẹ̀lú ajá àti ìbọn, wọ́n ń wá ẹran tí iná lé jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí wa ké bí ẹni rí òkú tó dìde. Olórí wọn, bàbá àgbàlagbà kan, wá síwájú.

"Ẹ̀yin wà níbí?" ló wí. "A já ewé sójú ọ̀nà."

"A rí i, Bàbá," ọkọ mi wí. "A rò pé mọ́tò ló kú síwájú."

Bàbá náà mi orí. "A tún pè yín. Ọdẹ kì í ti iná bọ pápá láì pè. Bí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, a jẹ́ pé kò ku ẹnì kan nínú ẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ni?"

"A gbọ́," ni mo wí.

"Ẹ gbọ́!" Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì jókòó sórí eérú gbígbóná níbẹ̀. Mo ti rò pé á bú wa. Kò bú wa. Ó kàn ń wí pé, "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Ewé nìkan ò tó mọ́ láyé yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn." Bí mo ti ń gbìyànjú láti bẹ̀ ẹ́ kó dìde ni mo rí i pé itan mi tutù. Mo wolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni.

Pikóópù wọn ni wọ́n fi gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà, bàbá náà bá wa lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin, fi ẹ̀rọ wo inú mi. Ó wò ó. Ó tún un wò. "Mọ́mì," ló wí, "ìbejì ni." Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí ojú rẹ̀. "Ọkàn ọ̀kan ń lù dáadáa." Mo ní, "Ìkejì ńkọ́?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Ó ku ọ̀kan, mà."

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ó ṣeé ṣe kí èkejì ti dákẹ́ kí a tó kúrò n'Íbàdàn pàápàá, irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná ni tàbí ìṣubú ni. Mo gbọ́, mo dúpẹ́, mi ò sì tíì mọ̀ títí dòní bóyá mo gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń mú mi jáde, obìnrin kan wà ní kọ́rídọ̀, ó pọn ọmọ kan, ó gbé ìkejì lọ́wọ́, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Ó rí eérú lórí mi, ó ní, "Ẹ kú ewu o." Bàbá ọdẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. Ọkọ mi sọ fún un. Ó kọjú sí ògiri kó tó fèsì: "Ó kù. Ẹ bá wa dúpẹ́ pé ó kù."

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ báyìí, ọkùnrin, aláriwo bíi bàbá rẹ̀. A ò tíì dé etí òkun. Inú rere Ọlọ́run ni, mo sì ń dúpẹ́, mo ń fi ọpẹ́ náà bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ ni. Mo ti rò ó títí: ìyá mi kò parọ́, ọkọ mi kò ṣe òmùgọ̀, àwọn ọdẹ kò ṣìkà. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni pé a rò pé bí a bá dákẹ́, a ò tíì fèsì. Irọ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ wa fèsì. Ó sọ fún wọn pé kò ku ẹnì kankan.

Láti ìgbà náà, ọkọ mi kì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn ilé láì pè. Mi ò rò pé ó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí a bá ń lọ síbì kan, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké sínú ilé pé, "Ta ló kù o?" Ọmọ wa ti sọ ọ́ di eré. Á sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, á dúró títí bàbá rẹ̀ á fi pè é lẹ́ẹ̀kẹta, á wá bú jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Ó ku èmi o! Èmi nìkan ló kù!" Bàbá rẹ̀ á gbé e sọ sókè, wọ́n á jọ lọ sídìí mọ́tò. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó yí i, mo máa ń tẹ́tí sínú ilé, bóyá ẹlòmíràn á dáhùn.