Ojú Kan Honorine àti Iwin Inú Páálí

Honorine Pruvost kì í ṣe ẹni tí ènìyàn kàn lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí ìjókòó wa kangun síra níbi iṣẹ́ ní Belleville, lókè Paris, níbi tí a ti ń ṣe páálí oníwin. Àwọn kan á fi amọ̀ mọ iwin kéékèèké, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ méjì sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì. Àwa obìnrin á kun ẹ̀yìn bébà náà, a ó fi abẹ́rẹ́ lu ojú iwin, a ó sì fi ọ̀dà pupa dí ihò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sínú awò olójú méjì, tó kọ ọ́ sí ìmọ́lẹ̀, á rí iwin tó dìde dúró, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Àwọn olówó ló ń rà á. Owó ni wọ́n ń san kí ẹ̀rù lè bà wọ́n!

Nígbà òtútù kan, àìsàn mú Honorine, ojú òsì rẹ̀ sì kú. Kò hàn síta. Opó ni, abẹ́rẹ́ yẹn ló sì fi ń bọ́ ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ojú kan kì í rí ohun tó súnmọ́ àti ohun tó jìnnà nínú awò wa. Pẹlẹbẹ ni gbogbo rẹ̀ ń rí.

Bí fọ́tò méjì náà bá ti jáde, ti ọ̀tún máa ń wà lósì. A gbọ́dọ̀ gé wọn, kí a pààrọ̀ wọn kí a tó lẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kan Honorine gbàgbé, ó lẹ odindi ìdì kan láìpààrọ̀. Ọ̀gá wa, Taboureau, gbé ọ̀kan sójú, ó figbe ta. Ògiri ti wá síwájú, iwin ti rì sẹ́yìn ògiri, tábìlì ti di kòtò.

"Honorine! Ìgbọ̀nwọ́ lo fi ń wo iṣẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo gbàgbé ni."

"Ẹni tó bá ríran á ti rí i! Ìka mélòó nìyí?" Ó na ọwọ́ sí apá òsì Honorine. Honorine ní láti yí orí pátápátá kó tó lè rí ọwọ́ náà.

Ernestine, tó wà lẹ́yìn wa, kò lè pa ẹnu mọ́. "Pátápátá là ń fọ́jú o. Ojú à-fọ́-ì-fọ́-tán, ìjà ní í dá sílẹ̀." Ọlọ́run ló kó o yọ, ǹ bá da ọ̀dà lé e lórí.

"Máa lọ sílé," ni ọ̀gá wí.

"Mi ò lọ. Ẹ fún mi ní páálí kan péré. Tí iwin mi ò bá lé yín sẹ́yìn, màá lọ fúnra mi."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mo ń retí ẹ."

Mo rọ Honorine pé kó jẹ́ ká jáde, kó sunkún díẹ̀.

"Téèyàn bá ń sunkún, á máa ríran," ó dá mi lóhùn. "Gbé kọ́ńpáàsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń wọn àyè yẹn fún mi."

Ó kó àwọn páálí tó dára jọ, ó ń wọn ohun kan náà láti fọ́tò òsì dé ti ọ̀tún: imú iwin, etí tábìlì, ògiri. Ó wá rí i pé ohun tí àyè tó wà láàárín ti òsì àti ti ọ̀tún rẹ̀ bá kéré jù lọ ló ń súnmọ́ ẹni tó ń wò ó. Ló bá mú páálí kan àti abẹ́rẹ́. Kò lu ihò sínú ojú iwin gan-an. Ó lù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ihò òsì àti ti ọ̀tún lè súnmọ́ ara wọn díẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa dí wọn.

"Ó mà ti ṣì í lù!" Ernestine ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé ó ti bà á jẹ́.

Taboureau gbé awò náà sójú, ó kọ ọ́ sí fèrèsé. Ló bá fò sẹ́yìn, àga ṣubú. Ojú pupa ti kúrò lórí iwin, ó ń bọ̀ wá bá a.

"Padà síbi iṣẹ́ ẹ," ló sọ, nígbà tó rí èémí mí.

Honorine gba awò náà, ó wò ó pẹ́.

"Kí lo rí?" mo bi í.

"Ihò tó tàsé ojú iwin." Ó nà án sí mi. "Ìwọ wò ó. Sọ ibi tó dé fún mi."

Mo wò ó. "Ó ti jáde, Honorine. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú." Omijé ti gbà mí lójú.

"Gbé e kúrò lábẹ́ omijé ẹ," ó wí. "Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni."