Jìbírílù Dúró De Olùkọ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ fìríìjì títúnṣe ni Jìbírílù ń ṣe ní Banjul láti ìgbà tí ó ti kúrò ní Ìwó. Campama ló ń gbé, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, omi á wọlé wá bá onílé jókòó. Lọ́dún 2014, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kotu sọ fún un pé bí ó bá lè mú ìwé-ẹ̀rí wá kí àwọn àlejò òyìnbó tó dé lóṣù kọkànlá, òun á gbà á síṣẹ́ olóṣù. Bí kò bá sí ìwé, kí ó máa bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ òòjọ́ ti sú Jìbírílù. Fìríìjì gbígbé ti mú un lẹ́yìn.

Olúṣẹ́gun, ọmọ Iléṣà tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Old Jeshwang, ló bá a wá ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ amómitutù kan tó ní ìwé-ẹ̀rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì kan nílùú òyìnbó ló gbé e síbẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ni olùkọ́ wá ń jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kàwé. Kò sọ pé ebi ń pa òun."

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Iná ń lọ, iná ń dé. Olùkọ́ á lanu báyìí, á sì dì gbagidi bí ẹja inú yìnyín. Jìbírílù gbọ́ ẹ̀kọ́ kìíní títí ó fi mọ́ ọn lórí. Ó wá kọ̀wé sí olùkọ́ níbi tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó kí i, ó kí ará ilé rẹ̀, ó ro gbogbo ohun tí ó kọ́. Ó wá ń dúró.

Ilé kéú ló ti mọ ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, èèyàn kì í bọ́ sí iwájú àfi tí àáfà bá gbọ́ èyí tó kà, tó sì ní kó máa lọ. Ẹni tó bá fò ó, ẹgba ni. Jìbírílù kò ṣí ẹ̀kọ́ kejì.

"Baba Khàdíjàt, olùkọ́ yín ò tíì jí ni?" Mùtíàt, ìyàwó rẹ̀, ló ń bi í.

"Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Á kàn mí."

Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, Olúṣẹ́gun bẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀kọ́ kìíní lẹ ṣì wà? Wọ́n ti kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ lánàá!"

"Kò tíì gbọ́ mi."

"Ta ni?"

"Olùkọ́. Kò tíì ní kí n máa lọ."

Olúṣẹ́gun bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀. Láti èṣí ni wọ́n ti ya fídíò yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń lọ sí èyí tó kàn."

"Ṣùgbọ́n ó ń wò mí lójú."

Òtẹ́ẹ̀lì gba ọkùnrin kan láti Dakar. Ó ní ìwé. Jìbírílù ló ń bá a gbé fìríìjì.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣí ẹ̀kọ́ náà. Jìbírílù gbọ́ ti ìkíní tán, ó pe Olúṣẹ́gun.

"Wá gbọ́ mi."

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa fìríìjì o."

"Ṣáà gbọ́."

Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀kọ́ náà. Oníbàárà kan wọlé, Olúṣẹ́gun dá a lóhùn, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti tó, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lọ."

"O ò gbọ́."

"Mo gbọ́ jàre!"

Jìbírílù fọwọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀.