Iyùn Tí Màmá Bọ́ Sílẹ̀

Òórùn omi iyọ̀ ló máa ń mú mi padà sí pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì, pẹ̀lú iyùn ààyè láti inú òkun, tó ń mì síwá sẹ́yìn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ẹlẹ́mìí ni, tí a bá yọ ọ́ nínú omi, yóò kú.

Màmá mi bọ́ iyùn ìgbéyàwó wọn lọ́rùn, wọ́n fi í sórí tábìlì, wọ́n gbé báàgì wọn.

"Màmá, ẹ fi í sínú omi, kó má baà kú!"

"Tèmi ti kú tipẹ́, ọmọ mi."

Mo ti wọlé ọkọ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ni Màmá ń sọ.

Wọ́n lọ sílé ìyá wọn ní Kémta. Mo rọra gbé iyùn náà sáàárín àwọn ẹja, mo jókòó tì í, mò ń retí kó bẹ̀rẹ̀ sí í mí.