Òròmọdìyẹ Tí Ẹni Méjì Jọ Ni

Ẹni tó bá wá dirun lọ́dọ̀ mi á ti rí Májùúnù kó tó rí mi, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àwa méjèèjì, ẹrù tiẹ̀ ló sì ya dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ da kọ̀ǹpútà tó ti kú nù, á ní, "Má jù ú nù," á gbà á, á gbé e gun ẹ̀yìn òmíràn bí ìyá tó pọn ọmọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì fi díẹ̀ jù ú lọ. Kò níyàwó, kò sì bímọ. Àwọn oníbàárà mi a máa fẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé orí sókè dáadáa.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ọmọbìnrin kan jọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe géèmù kan: òròmọdìyẹ tó ń sá fún àṣá láti orí òrùlé kan dé òmíràn. Májùúnù ló ya gbogbo àwòrán rẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ ohun tó ń mú un rìn. Bí àṣá bá gbé òròmọdìyẹ náà, kì í kú, á kàn yíjú wo ẹni tó ń fi í ṣeré, bíi pé, "Ṣé o rí ohun tó o fojú mi rí báyìí?" Ọgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn. Kò sí ọmọ àdúgbò nígbà náà tí kò mọ géèmù náà.

Lẹ́yìn náà ni Ẹlẹ́rìn-ín rìnrìn àjò. Ó lóun á padà. Kò padà. Irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe géèmù náà sì kú tán láyé, kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá tó ń bójú tó ilé ìkàwé àwọn ọmọdé wá bá Májùúnù. Ó fẹ́ kó kó àwọn géèmù àtijọ́ jọ sínú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí òbí wọn fi ṣeré. Ó ní òròmọdìyẹ ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, pé òun gan-an fi í ṣeré títí ìyá òun fi fẹ́ ya òun létí. Bí kò bá sí òròmọdìyẹ, òun á wá ẹlòmíràn tó máa ṣe iṣẹ́ náà.

Mo bi Májùúnù pé ṣebí kọ̀ǹpútà yẹn ti kú, báwo ni géèmù inú rẹ̀ ṣe fẹ́ jí? Ó ní àwọn kan ti kọ ètò kan sínú kọ̀ǹpútà òde òní tó ń sín kọ̀ǹpútà àtijọ́ jẹ, bí ayékòótọ́ ṣe ń sín èèyàn jẹ. Géèmù á gbọ́ ohùn rẹ̀, á rò pé ilé lòun wà. Àwọn tó kọ ọ́ sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé: máa lò ó, máa pín in, kìkì pé kó o má yọ orúkọ wa, kó o fi ìwé àṣẹ wa tì í, bí ẹni tó o fún bá sì fẹ́ rí bá a ṣe kọ ọ́, o ò gbọdọ̀ fi í pamọ́.

Mo ní ó tán nìyẹn. Ó ní kò tán, pé ìkòkò ni wọ́n yọ̀ǹda, wọn ò yọ̀ǹda ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀. Géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn. Àwọn kan ní kó máa lò ó. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní rárá, ó yọ tiwọn. Àwọn kan ò dáhùn, ó yọ tiwọn náà, torí ó ní ẹni tó dákẹ́ kò tíì gbà.

Ó wá ku òròmọdìyẹ. Ìyá ilé ìkàwé ní ìwọ lo ya àwòrán rẹ̀, kí ló tún kù? Májùúnù dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ilé tá a bá jọ kọ́, mi ò lè dá a fi tọrẹ láti inú yàrá tèmi."

Ẹ wò ó, àbúrò Ẹlẹ́rìn-ín ń wá dirun lọ́dọ̀ mi. Ọdún tó ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ọkùnrin yìí kì í ṣe kékeré, Májùúnù ò sì fìgbà kan béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo bá a gba nọ́ńbà Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ní kí n gbọ́ bóyá ó dáa. Àṣẹ lókè, àṣẹ nísàlẹ̀, "ṣé àlàáfíà ni" há sáàárín bí egungun ẹja.

Mo ní, "Májùúnù, ṣé àṣẹ lò ń wá ni, àbí obìnrin?"

Ó ní, "Ìyá Onírun, ẹ jẹ́ n wá àṣẹ. Ìyẹn ni mo rí ẹnu béèrè."

Ó fi í ránṣẹ́, ló bá di ẹni tó ń dúró de fóònù. Lọ́jọ́ kan ó dún, ó fi irin gbígbóná tó fi ń yọ́ òjé jó ara rẹ̀ níka. Ẹni tó ń wá bátìrì ló pè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èsì dé. Mo ti di orí oníbàárà kan dé ìdajì nígbà tí Májùúnù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù sí mi. Ẹlẹ́rìn-ín kọ ọ́ pé: "Mo dúpẹ́ pé o béèrè. Fi sí i. Irú àṣẹ tí wọ́n fi yọ̀ǹda ètò yẹn ni kó o fi yọ̀ǹda òròmọdìyẹ, kí gbogbo ayé máa lò ó títí láé. Kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàhálà láti tún wá béèrè lọ́wọ́ mi mọ́."

Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ojú tiẹ̀ dà bí ojú ẹni tó sin èèyàn dé ibi ọkọ̀.

Ó ní, "Ẹ tún ìparí rẹ̀ kà. Kí ẹnikẹ́ni má béèrè mọ́. Èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni."

Oníbàárà mi, tí a ò pè sí i, ló dáhùn lábẹ́ ọwọ́ mi: "Kò kúkú ní kó o má dúpẹ́."

Òótọ́ ni. Ẹni tí a ṣe lóore a máa dúpẹ́ lónìí, a tún máa dúpẹ́ àná lọ́la, kò sì sí ìwé àṣẹ kankan lórí ìyẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rọra gba fóònù, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Òròmọdìyẹ ti wà ní ilé ìkàwé báyìí, orúkọ méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ti Májùúnù lẹ́yìn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí èsì dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúpẹ́ àná. Ẹlẹ́rìn-ín fèsì: "Kò tọ́pẹ́." Kò fi nǹkan kan kún un. Májùúnù wá bi mí pé kí lèèyàn máa ń fi dá "kò tọ́pẹ́" lóhùn. Mo ní kó lọ máa wá ìdáhùn náà, mo sì mọ̀ pé kò tíì ṣíwọ́ wíwá a títí dòní.