Ìwọ̀ Tí À Ń Fi Ọwọ́ Kan Jù

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe gẹ́ẹ̀mù. N ò mọ̀ wọ́n, wọn ò mọ̀ mí, àmọ́ bí mo bá pàdé ọ̀kan nínú wọn, yóò gbọ́ tẹnu mi. Kí ni wọ́n ń tún ṣe lára nǹkan tí kò bàjẹ́?

Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá mi, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń wọn aṣọ fún oníbàárà ní ọjà Ìtòkú kò gbé nǹkan mọ́. Gbogbo nǹkan là ń bá wọn ṣe, àfi ẹja pípa nínú gẹ́ẹ̀mù mi àtijọ́. Apá kìíní gẹ́ẹ̀mù náà nìyẹn, kò le: o ju ìwọ̀ sódò, o dúró, bí nǹkan pupa tó léfòó bá ti rì, o tẹ bọ́tìnnì kan. Ó parí. Àtàǹpàkò òsì Bàbá tó láti ṣe é.

"Ó ti gbé e!" ni wọ́n máa ń pariwo.

Màmá mi á sì dáhùn láti kíṣìnnì: "Bàbá ilé, ṣé kí n gbé ìkòkò kaná?"

Apá kejì dé, ó ní ká máa yí okùn wọlé. Bàbá ráhùn, àmọ́ wọ́n gbé pádì lé itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò kan náà yí i. Ìgbà tó yá, iná dé pẹ̀lú agbára, ó jó ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù wa pẹ̀lú gẹ́ẹ̀mù inú rẹ̀. Mo wá irú rẹ̀ ká Òkè-Ìlèwó. Ẹni tó ń tà á fi mí rẹ́rìn-ín: "Brọ̀dá, ta ló tún ń ta ìyẹn? Apá kẹta ló wà níta." Mo rà á.

Apá kẹta, ẹ gbà mí! Ọwọ́ òsì ń darí ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún ń yí okùn, lẹ́ẹ̀kan náà. O fà á jù, okùn já. O dẹ̀ ẹ́ jù, ẹja lọ. Mo tú ètò inú rẹ̀ wò bóyá àyè wà fún ọlọ́wọ́ kan. Kò sí. Mo bá Bàbá di apá ọ̀tún pádì mú.

"Fà á!"

"Bàbá, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀!"

Ó já. N ò lè tún gẹ́ẹ̀mù ṣe, n ò lè tún ọwọ́ ṣe. Bàbá rọra ti pádì sí mi: "Máa pa á, kí èmi máa wò."

Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásàárì, ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀ mi. "Ó ti gbé e!" Mo yíjú sí Bàbá. Àtàǹpàkò Bàbá ti ń tẹ apá àga. Kí n tó yíjú padà, okùn ti já.

Bàbá wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n ní, "Mo pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Má bínú."