Bàtà Tí Ìṣó Ṣe fún Káfíńtà

Aránbàtà ni ọkọ mi. Ìṣó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìṣó kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í kúrò láàárín ètè rẹ̀. Ó máa ń fi wọ́n sẹ́nu sọ̀rọ̀, ó máa ń fi wọ́n sẹ́nu rẹ́rìn-ín, ó sì ti fi wọ́n sẹ́nu bá mi jà lẹ́ẹ̀kan rí. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń rò pé ńṣe ló ń kùn sí wọn. Èmi tí mo ti bá a gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí yékéyéké, pàápàá èyí tí kò fẹ́ kí n gbọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ló ti ń ṣiṣẹ́, èmi a sì máa fọ aṣọ oníbàárà tèmi ní ẹ̀yìnkùlé. Orí àpótí kúkúrú kan ló máa ń jókòó sí. Oníbàárà á dúró níwájú rẹ̀, á na ẹsẹ̀ sí i, nítorí náà ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló mọ̀, kò mọ ojú wọn. Bí a bá jọ ń lọ lọ́nà tí ẹnì kan kí wa, á kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ná. Á wá sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹni tó máa ń jẹ gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún nìyẹn.” Èmi náà á wò ó, ti òsì ni màá rí pé ó jẹ. Ṣùgbọ́n n kì í bá a jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀, torí n kò fẹ́ kó wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọṣọ.

Káfíńtà ló fẹ́ àbúrò ọkọ mi obìnrin. Àǹtí ni mo ń pe àbúrò yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń fọṣọ kí wọ́n tó bí i, nítorí inú ilé ló wà kí n tó wọlé. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, ìyá Káfíńtà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà sì ń bá wọn gbé. Ilé wọn wà ní òpópónà kejì sí tiwa, ṣùgbọ́n ilé mẹ́ta péré ni ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà fi jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa.

Káfíńtà kò ní téèpù. Ojú rẹ̀ ni téèpù. Á di ojú kan, á wo pákó, á fi pẹ́ńsù fa ìlà, á sì gé e. Tábìlì tó bá kàn, ẹ bu omi kún abọ́ dé etí kẹ́ ẹ gbé e lé e, ẹ̀kán kan ò ní dà. Ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó bá ọkọ̀ tó kó pákó rẹ̀ bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Bíréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Awakọ̀ jáde pẹ̀lú ọwọ́ tó bó. Ti Káfíńtà kò rí bẹ́ẹ̀, itan rẹ̀ òsì ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò ní ọsibítù, wọ́n fi irin sí itan rẹ̀, wọ́n sì dá a padà fún wa láàyè. Mo sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé. Ayọ̀ ló pa mí lẹ́kún, n kò sì tijú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni dókítà bá wa sọ kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òsì ti fi nǹkan bí ìka méjì kúrú ju ọ̀tún lọ. Ó sì ní bí Káfíńtà kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ láàárín oṣù kan, orúnkún á gan, bó bá sì ti gan, ó gan náà nìyẹn. Káfíńtà gbọ́ èyí àkọ́kọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni pé wọn ò sọ èkejì rárá. Ó kọjú sí ògiri, ó ní òun ò lè máa tiro kọjá níwájú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún òun.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi ti di ará ilé wọn. Ní kùtùkùtù, á lọ wẹ Káfíńtà, á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á kó aṣọ ibùsùn bọ̀ wá fún mi, kó tó jókòó ti iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún padà lọ. Èmi ń fọ aṣọ ilé méjì. Àǹtí ń sáré láàárín ilé ìtajà oògùn àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Ìyá Àgbà ń dáná. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dá wa lágara. Àwọn tó ń wá kí wa ni.

Wọ́n á dé, wọ́n á jókòó ti ibùsùn, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹnì kan tí tirẹ̀ ò tó báyìí tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Àǹtí tí kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àárọ̀ á dìde, á bu omi tútù fún wọn, á máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sunkún mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ mi rí i tí Àǹtí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò nítorí pé àga kò tó. Ó wá páálí kan, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i gàdàgbà, ó sì fi ìṣó mẹ́rin tó wà lẹ́nu rẹ̀ kàn án mọ́ ilẹ̀kùn: “Ẹ kú àbọ̀. Ó wà láàyè. Ẹ má sunkún. Ẹ bèèrè iṣẹ́.”

Ìyá Àgbà ní àrífín ni. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó.

Ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Ó ka páálí náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú, ó sì bèèrè iṣẹ́ pẹ̀lú ohùn kékeré. Wọ́n ní kó kọ́ èyí àgbà nínú àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe wá, ó tún fáànù tó ti ń han láti ọdún tó kọjá ṣe. Màmá sísanra kan wá tó ti di áńkáṣíìfù mú láti ojú títì, wọ́n sì fi ìkòkò mẹ́ta tó dúdú nídìí hàn án. Ó fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tónítóní. Ó sunkún díẹ̀ sórí ìkẹta, a gbà á láyè. Àwọn kan ka páálí náà tán, wọ́n sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà. A ò wá wọn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pín iṣẹ́, kò sì fojú rere wo ẹni tó bá ṣe é ìdajì.

Gbogbo ilé ń lọ geere, àfi ẹni tí a ń torí rẹ̀ ṣe é. Ó pé ogún ọjọ́, Káfíńtà ò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọkọ mi wá lọ bá a pé kó jókòó sétí ibùsùn. “Mo fẹ́ fi kún bàtà rẹ,” ó ní. “Èyí tó kúrú á ga, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì dọ́gba.”

“Bùọ̀dá, ẹ fi mí sílẹ̀.”

“Màá fi ọ́ sílẹ̀ tí mo bá wọ̀n ọ́n tán.”

Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan ara rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bàtà kan, ó sì kó méjèèjì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó gé rọ́bà táyà ní ìpele mẹ́ta, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó kàn wọ́n, ó kùn wọ́n lọ́dà dúdú títí tí wọ́n fi ń dán. N kò rí i rí kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí bàtà kan. Nígbà tí mo ní kó wá jẹun, ó ní bí Káfíńtà ò bá rìn, àbúrò òun á máa bu omi fún àlejò títí ayé. Mo gbé oúnjẹ náà tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa pé sínú yàrá Káfíńtà. Ọkọ mi wọ bàtà náà sí i lẹ́sẹ̀. Èmi mú apá kan, Àǹtí mú èkejì, a ní ó yá, a gbé e dìde.

Káfíńtà tẹ̀ sí òsì bí ọgbà tí òjò ti bì. Ó tẹ̀, ó tún tẹ̀, àfi ìgbà tí orí rẹ̀ kan àpótí aṣọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó gùn tẹ́lẹ̀ ni bàtà gíga náà wà. Kò wá jẹ́ ìka méjì mọ́, ìka mẹ́rin ló kù tí òsì fi kúrú.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rántí gbogbo gìgísẹ̀ ọ̀tún tí mo máa ń rí ní òsì. Láti ọjọ́ tó ti ń ránbàtà, èyí tó bá wà lápá òsì tirẹ̀ ni ọkọ mi ń pè ní òsì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún oníbàárà tó dojú kọ ọ́ ló wà níbẹ̀. Kò sì sí ohun tó bàjẹ́ rí, torí bàtà méjèèjì ló máa ń wà níwájú rẹ̀, ojú ló sì fi ń mọ èyí tó jẹ.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ lanu. “Ọmọ mi,” ó ní, “kí lo ń wá nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?”

Káfíńtà bú sẹ́rìn-ín. Àwa tí a ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, a kọ́kọ́ rò pé ó ń dùn ún ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó já apá rẹ̀ gbà, ó bọ́ bàtà gíga náà, ó sì na ọwọ́ láti là á mọ́ ọkọ mi. Ọkọ mi sún sẹ́yìn. Káfíńtà tẹ̀ lé e.

Ọmọ wọn kékeré ló rí i. “Bàbá ti rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta,” ó ní.

Káfíńtà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀. Àǹtí jókòó sórí ibùsùn, ó bo ojú, a sì gba òun náà láyè láti sunkún, páálí tàbí kò sí páálí.

Kí oòrùn tó mú, ọkọ mi ti fi ẹ̀mú tú rọ́bà náà kúrò, ó sì ti ṣe òmíràn sí bàtà òsì. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó kọ́kọ́ ní kí Káfíńtà fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i, kó má tún di ẹjọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ kékeré ló ń kà á: ogún dé ilé ìdáná, ogójì dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí oṣù pé, dókítà ká orúnkún náà, ó sì nà án, ó ní ó dára. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Káfíńtà rin ọ̀ọ́dúnrún ìgbésẹ̀ ó lé méjìlá láti ilé rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọ̀pá kan péré.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí.

Àpótí tí ọkọ mi máa ń jókòó lé ti sán, Káfíńtà sì ní ọkọ mi ni òun á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ránṣẹ́ pè wá. Ó gbé àpótí tuntun náà sórí sìmẹ́ǹtì, àpótí náà sì mì. Ó yí i padà, ó ṣì mì. Ó gbé e lọ síbòmíràn, ó tẹ̀ sí òsì bí ẹni tó kàn án ṣe tẹ̀ lọ́jọ́ bàtà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Ojú mi ti lọ,” Káfíńtà ní. “Mo ń sunkún ẹsẹ̀. Ojú gan-an ló lọ.”

Ọkọ mi kò wo àpótí náà. Ẹsẹ̀ ló ń wò, bó ṣe máa ń ṣe.

“Bàtà rẹ dà?”

Káfíńtà fi ọ̀pá tọ́ka sábẹ́ tábìlì iṣẹ́. Bàtà náà wà níbẹ̀ nínú iyẹ̀ igi. “Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń wo rọ́bà yẹn, Bùọ̀dá. Mo bọ́ ọ.”

“O dúró ní wíwọ́, o wá ní kí ojú rẹ rí pákó lọ́gbọọgba. Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó gé e bó o ṣe dúró gẹ́lẹ́.”

Ọkọ mi ṣí àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó yọ rọ́bà tó tú kúrò lára bàtà ọ̀tún lọ́jọ́sí. N kò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ó gé e róbótó, ó dojú àpótí náà dé, ó fi ìṣó ẹnu rẹ̀ kàn án mọ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, ó gbé e nàró, ó sì jókòó lé e. Ó fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì. Àpótí náà ò mì.

“Èmi ò tijú rọ́bà tèmi,” ó ní.

Káfíńtà gbé ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbọn iyẹ̀ igi kúrò nínú rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́. Ó nàró. Ó di ojú kan, ó wo àpótí náà.

“Bùọ̀dá, ẹ dìde. Mo ti rí ibi tí mo ti ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òmíràn.”

Ọkọ mi ní òun ò dìde. Àpótí yẹn náà ló ń jókòó lé títí di òní, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀, a máa ń gbọ́ rọ́bà Káfíńtà tó ń kan ilẹ̀ bọ̀ láti ìkóríta, kó tó yọ sí wa.